Ìwé ní ó dáa, ojú mi ní kò dáa

Ẹ̀yin tí orí ń fọ́ láràárọ̀, tí ojú yín sì máa ń ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, ẹ̀yin ni mo dìídì ń kọ èyí sí. Èmi kì í ṣe dókítà. Aṣọ ni mo ń rán ní Ọ̀fà, mo sì ní àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lábẹ́ mi. Ohun tí mo mọ̀ nípa iṣan ojú, okùn tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sínú ọpọlọ, inú àìsàn kan tí omi inú orí fi ń fún iṣan náà pa ni mo ti kọ́ ọ: ohun tí ojú mi rí, ohun tí mo béèrè lẹ́nu àwọn dókítà, àti ohun tí wọ́n fi hàn mí lórí ẹ̀rọ. Nínú ẹgbẹ́ àwa télọ̀ nìkan, ó ti lé ní ẹnìkan tó ti gbé ìwé àyẹ̀wò ojú wá bá mi pé kí n bá òun kà á. N kò lè máa tún ìtàn kan náà sọ lójoojúmọ́, ló jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ láìní ariwo. Lẹ́yìn tí mo já ọmọ mi kejì lẹ́nu ọmú, mo sanra. Nílẹ̀ wa, ta ni yóò rí obìnrin tó sanra tí yóò ní ó ń ṣàìsàn? Gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ló ń kí mi pé ara mi ń dán, pé owó ń wọlé. Ẹ̀fọ́rí tó wá bá mi nígbà náà, àárọ̀ ló máa ń le jù, kí n tó dìde lórí ibùsùn. Bí mo bá wúkọ́ tàbí tí mo gbé ohun tó wúwo, á tún le sí i. Ìyá mi ní túúlu ni. Kẹ́místì ní ibà ni, nígbà tó yá ó ní táífọ́ọ̀dù ni. Mo lo oògùn ibà, mo lo ti táífọ́ọ̀dù, mo mu àgbo tí ìyá mi sè, Panadol sì ń gbé inú àpamọ́wọ́ mi pọ̀ mọ́ tépù àti ṣọ́ọ̀kì.

Ohùn kan tún wà létí mi. Lóru, bí gbogbo ilé bá ti dákẹ́, mo ń gbọ́ fùù, fùù, fùù, ní etí ọ̀tún. Mo kọ́kọ́ rò pé jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ni. Ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ mi lórí ibùsùn ni mo mọ̀ pé bí ọkàn mi ṣe ń lù ni ohùn náà ń lọ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń rò bí ènìyàn bá ní òun ń gbọ́ ohùn létí. Nígbà tí mo padà sọ ọ́ fún ìyá mi, ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, "Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń pè ọ́ lórúkọ? Má dáhùn o." Dókítà ló wá sọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé ohùn yẹn wà lára àmì àìsàn náà, pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ló ń gbọ́ ọ, ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ. Ẹ sọ ọ́. Bí ohùn kan bá ń bá ìlù ọkàn yín rìn, ẹ sọ ọ́ kí dókítà tó bi yín.

Lẹ́yìn náà ni ojú dá sí i. Bọ́bìnì á já bọ́, n óò bẹ̀rẹ̀ mú un lábẹ́ máṣíìnì, bí mo bá fi máa gbé orí sókè, ojú òsì á ti ṣú biribiri. Kí n tó ka eéjì, ẹẹ́ta, á tún là. Ojú náà kò dùn mí, kò pọ́n, kò ṣe ìpin. Kò sí ohun tí ẹlòmíràn lè rí lára mi tí yóò fi ní ojú ń ṣe mí.

Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta awò ojú. Wọ́n gbé mi jókòó, wọ́n ní kí n ka lẹ́tà ara ògiri, mo kà á dé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá láìkọsẹ̀. Ẹni tó yẹ̀ mí wò ní ojú mi mú gan-an, pé abẹ́rẹ́ tí mò ń tẹjú mọ́ ló ń dá mi lágara, ó sì ta awò ìkàwé fún mi. Inú kò bí mi sí i mọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé lẹ́tà ara ògiri, àárín gbùngbùn ìran nìkan ló ń dán wò. Irú àìsàn tèmi, etí ìran ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, á fi àárín sílẹ̀ di ìkẹyìn. Ènìyàn lè ka lẹ́tà yẹn tán kí ó sì forí gbá ilẹ̀kùn bó ṣe ń jáde.

Tèmi kọjá ilẹ̀kùn. Mo ti ń fi ìgbáròkó gbá etí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo sì ń bá tábìlì jà. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú sí ẹ̀gbẹ́ mi, n kò rí i, mo fi ọwọ́ lé e. Mo pariwo mọ́ ọmọ náà, ó bú sẹ́kún, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ìṣojú yín ni mo gbé e sí."

Egbò iná yẹn ló gbà mí. Ní kíníìkì tí mo gbé e lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan, agùnbánirọ̀, ló wà nídìí iṣẹ́. Kò kàn di egbò kó ní kí n máa lọ. Ó béèrè bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, ó béèrè nípa orí, ó béèrè bóyá ojú ń ṣú bí mo bá bẹ̀rẹ̀. Ó wá pa iná yàrá, ó mú irinṣẹ́ kékeré kan tó ń tan ìmọ́lẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú mi débi pé èémí rẹ̀ ń kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún padà sí ọ̀tún. Nígbà tó tan iná, kò sọ ọ̀rọ̀ ojú rárá, ìfúnpá mi ló ní kí nọ́ọ̀sì wọ̀n. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá le kọjá ààlà lè mú orí iṣan ojú wú, ìyẹn ló fi kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni. Ìfúnpá mi kò ga. Ó wá jókòó, ó ní, "Mà, orí iṣan ojú yín wú, lójú méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ lọ sí Ìlọrin lọ́la."

Inú ṣì ń bí mi pé irinṣẹ́ tó rí àìsàn mi kò tóbi ju ohun tí ènìyàn lè fi sápò lọ. Ọmọ Jámánì kan, Hermann von Helmholtz, ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1851. Inú ojú nìkan ni ènìyàn ti lè fojú ara rẹ̀ rí orí iṣan tó lọ tààrà sínú ọpọlọ láìfi ọ̀bẹ kan ara. Nínú gbogbo àwọn tó fún mi ní oògùn ibà, kò sí ẹni tó wo ibẹ̀.

Láti Ọ̀fà sí Ìlọrin kò jìnnà: Àjàṣẹ́-Ìpo, Ìdòfìàn, Gánmọ̀, ẹ ti wọlé. Bàbá àwọn ọmọ mi bá mi lọ. Níbi tí a kọ́kọ́ dé, dókítà ojú kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó gba lẹ́tà wa ní kí a lọ ya àwòrán iṣan ojú níta, kí a mú un padà wá. Ìmọ̀ràn yẹn kò burú. Ohun tó tẹ̀lé e ló burú.

OCT ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Ìmọ́lẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ti X-ray, kò sì fara kan ojú. Ní 1991 ni àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé ìròyìn rẹ̀ jáde. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé, á ta padà lára ìpele kọ̀ọ̀kan tó wà lẹ́yìn ẹyin ojú, ẹ̀rọ á fi ìyẹn ya àwọn ìpele náà, á sì wọn bí wọ́n ṣe nípọn tó ní máíkírọ́ọ̀nù. Ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Mo gbé àgbọ̀n lé ibi tí wọ́n ní kí n gbé e lé, wọ́n ní kí n tẹjú mọ́ àmì kékeré kan tó ń tàn, kí n má ṣẹ́jú. Kò sí ohun tó ń múni ṣẹ́jú tó kí wọ́n ní kí ènìyàn má ṣẹ́jú. Ojú mi gbẹ, ó tún sun omi, iná NEPA lọ láàárín iṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè dáhùn. Nígbà tí iná dé, ẹni tó ń ya á ti ń kánjú. Ó ya ojú òsì lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó ti tó.

Ìwé jáde, àwọ̀ ewé àti funfun ló pọ̀ lára rẹ̀, ìlà dúdú kan ń gòkè ó ń sọ̀ láàárín wọn. Arákùnrin tó wà nídìí tábìlì gbé e fún wa, ó ní, "Ẹ dúpẹ́ o. Pupa ni ìṣòro, kò sì sí pupa kankan níbẹ̀. Ojú yín dáa." Bàbá àwọn ọmọ mi gbé ọwọ́ sókè, ó ní Alhamdulilahi. A ra wàrà lọ́nà, a padà sí Ọ̀fà. Ta ni yóò tún máa wá dókítà kiri, nígbà tí ẹ̀rọ olówó ńlá ti sọ̀rọ̀?

Bí a ṣe padà sílé náà ni nǹkan ń le sí i. Ojú tó ń ṣú nígbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú nígbà tí mo bá kàn yíjú. Ohun tó wá lé mi padà sí Ìlọrin ni pé mo fẹ́ sọdá títì ní Owódé, ọ̀kadà kan ń bọ̀, méjì ni mo rí, n kò sì mọ èyí tí n ó yà fún. Ọlọ́kadà náà ló yà fún mi, pẹ̀lú èébú.

Dókítà ojú tó gbà wá lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin ni. Ó gba ìwé àwọ̀ ewé yẹn lọ́wọ́ ọkọ mi, ó wò ó, ó ní, "Ta ló ní èyí dáa?" Ẹnu wa wọhò. Ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ wa, ó fi bírò tọ́ka sí òkè rẹ̀. "Ẹ̀rọ yìí ń fi yín wé àwọn tí ẹ jọ jẹ́ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ orí, tí ojú wọn dá. Bí iṣan bá tín-ín-rín ju tiwọn lọ, á kùn ún ní pupa. Bí ó bá nípọn ju tiwọn lọ, kò ní pupa fún ìyẹn, funfun ló máa fi sí i. Ẹ má wo àwọ̀, ẹ wo nọ́ńbà." Ojú tó dá, ìpele iṣan yẹn máa ń wà ní bíi 90 sí 100 máíkírọ́ọ̀nù bí a bá pín in dọ́gba. Tèmi lé ní 200. Nọ́ńbà yẹn ti wà lórí ìwé láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tó kà á nínú wa.

Ó ṣàlàyé ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Iṣan tó ń jẹ tán ni àwọ̀ wọ̀nyẹn ń ṣọ́, irú èyí tí glaucoma ń fà. Glaucoma ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá sídìí ẹ̀rọ náà nílẹ̀ wa; lẹ́yìn kátáráàtì, òun ló ń fọ́ àgbàlagbà lójú jù ní Nàìjíríà. Lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ yẹn, bàbá kan tó ti Ìgbàjà wá jókòó tì mí, ìwé tirẹ̀ pupa láti òkè dé ilẹ̀. Orí kò fọ́ ọ rí, ojú kò ṣú u rí, ó ní òun ṣáà rí i pé òun kì í rí ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá mọ́. Èmi tí orí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, àwọ̀ ewé ni tèmi. A jọ pààrọ̀ ìwé wò, a kò mọ ẹni tí yóò kí ẹnìkejì kú oríire.

Dókítà tún fi nǹkan mìíràn hàn wá. Ní igun ìwé OCT, nọ́ńbà kan máa ń wà tó ń sọ bí àwòrán ṣe mọ́lẹ̀ tó, lórí 10. Ojú òsì mi, 4 ni, kò sì yẹ kó lọ sílẹ̀ ju 6 lọ lórí irú ẹ̀rọ yẹn. Ìlà tí ẹ̀rọ fà láti wọn iṣan náà ti ṣìnà níbì kan, ó gba ibi tí iṣan kò sí kọjá. Àwòrán tí kò mọ́lẹ̀ lè sọ ẹni tó ní ojú tó dáa di aláìsàn, ó sì lè bo àìsàn mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kì í dìde nídìí ẹ̀rọ láì béèrè pé, "Èló ni lórí mẹ́wàá?" Bí kò bá tó, mo ń tọrọ kí wọ́n jẹ́ kí n ṣẹ́jú dáadáa, kí wọ́n tún un yà. Àwọn kan máa ń fajú ro. Kí wọ́n fà á ro.

Wọ́n wá kán oògùn tó ń fẹ ọmọlójú sí mi lójú, wọ́n sì fi kámẹ́rà ya orí iṣan náà gan-an. Ó gbé àwòrán ojú tó dá sí ẹ̀gbẹ́ tèmi lórí kọ̀ǹpútà. Ti ẹni tó dá, àwo róbótó kan ni, etí rẹ̀ hàn kedere, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ jáde láti àárín rẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Tèmi kò létí. Ó wú síwájú, ó ṣú fùlẹ̀fùlẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ inú rẹ̀ wọ́n pòórá kí wọ́n tó tún yọ níwájú, ẹ̀jẹ̀ pupa tín-ín-rín bíi mélòó kan sì fà lẹ́bàá rẹ̀. N kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Tó bá jẹ́ àwòrán yìí ni a rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí ì bá ní kí n lọ sílé.

Mo béèrè ohun tó mú un wú. Ó ní okùn iṣan ojú kò dá wà, àpò kan wé e látinú ọpọlọ wá, omi tó yí ọpọlọ ká sì ń dé inú àpò náà. Mo ní, "Ṣé bí okùn ṣòkòtò ṣe wà nínú ojú okùn rẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, bí omi bá pọ̀ lápọ̀jù nínú ojú okùn, okùn ni yóò fún pa. Ó lé ní mílíọ̀nù kan fọ́nrán tó wà nínú okùn kan yẹn, èyí tó bá kú nínú wọn kì í hù padà.

Ṣùgbọ́n kò tíì gbà pé wíwú náà jẹ́ òótọ́. Ó ní àwọn kan wà tí nǹkan líle bíi òkúta wẹ́wẹ́ sin sí orí iṣan wọn láti kékeré, tí yóò máa jọ wíwú, tí wọ́n á sì máa fi oògùn dààmú wọn lásán. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yà á sọ́tọ̀ rọrùn, kò sì wọ́n tó OCT: síkáànì irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún. Mo di ojú, wọ́n fi ọ̀rá tútù sí ìpéǹpéjú, wọ́n gbé e lé e. Bí òkúta yẹn bá wà níbẹ̀, á máa tàn yòò, bí wọ́n tilẹ̀ rẹ agbára ẹ̀rọ sílẹ̀. Tèmi kò tàn. Àpò iṣan náà ló fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó wá ku orí fúnra rẹ̀. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya inú ara, ni wọ́n ní kí n ṣe, pẹ̀lú èyí tó ń wo àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọpọlọ, bóyá kókó wà níbẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dì. Owó rẹ̀ jẹ́ kí a ta nǹkan. Ẹ̀rù bà mí ju ti ìrọbí lọ. Wọ́n béèrè bóyá irin wà lára mi, mo ní rárá, mo ti bọ́ yẹtí, mo ti bọ́ òrùka. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ ra etí ìborùn mi, ó fa píìnì kan yọ. Ó tún fa òmíràn yọ létí ìró. Télọ̀ ni mí, píìnì kì í tán lára wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ mi, aṣọ tí ẹ kò wọ dé ṣọ́ọ̀bù rí ni kí ẹ wọ̀ lọ, tàbí kí ẹ gba ti ilé ìwòsàn wọ̀.

Kò sí kókó, kò sí ẹ̀jẹ̀ tó dì. Àmì pé omi ń ti nǹkan ló wà níbẹ̀: ẹ̀yìn ẹyin ojú mi ti tẹ́, ibi tí ẹṣẹ́ kékeré kan máa ń jókòó sí lábẹ́ ọpọlọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ní àwọn lè fi abẹ́rẹ́ wọn agbára omi náà láti ẹ̀yìn mi. Wọn kì í ṣe é kí wọ́n tó ya orí, nítorí bí kókó bá wà níbẹ̀, fífa omi lè di ewu.

Gbogbo ẹbí ló ní ìtàn ẹni tí wọ́n fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò rìn mọ́. Ìyá mi sunkún. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n èmi ọmọ Ọ̀fà kò jà lọ́jọ́ náà. Mo fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, mo ká eékún mọ́ àyà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní, abẹ́rẹ́ wọlé nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀pá ọpọlọ kò dé, wọ́n so ọ̀pá gbọọrọ kan mọ́ ọn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gun ún. Fún àgbàlagbà, 25 sẹ̀ǹtímítà sókè ti ga jù. Tèmi kọjá 30. Orí mi fúyẹ́ kí wọ́n tó yọ abẹ́rẹ́. Ẹ̀fọ́rí irú mìíràn dé lọ́jọ́ kejì, èyí tó ń bọ̀ bí mo bá jókòó tó sì ń lọ bí mo bá dùbúlẹ̀, ó sì lọ fúnra rẹ̀. Mo rìn jáde, mo sì ń rìn títí di òní.

IIH (idiopathic intracranial hypertension) ni wọ́n ń pe àìsàn náà: agbára omi inú orí ga, kò sí kókó, kò sí ohun tó hàn pé ó fà á. Obìnrin tó ṣì ń bímọ, tó sì sanra, ni ó máa ń bá jù. Àwọn oògùn kan náà wà tó lè mú irú rẹ̀ wá. Dókítà ní kí n kó gbogbo ohun tí mo ń lò wá, mo kó wọn sínú ọ̀rá. Ó fọwọ́ kan kápúsù doxycycline tí kẹ́místì ń fún mi nítorí irorẹ́ ojú, ó yà á sọ́tọ̀, ó ní òun kò fẹ́ kí n tún fẹnu kàn án. Fítámìnì A tó pọ̀ jù náà wà lára wọn.

Diamox, oògùn tó ń dín omi inú orí kù, ni wọ́n fi mí sí. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá oògùn sọ́fà (sulfa), irú bíi Septrin, máa ń bá mi jà, torí ìbátan ni wọ́n. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ múra. Ìka á máa ta yín jìnnìjìnnì, èyí tí kò bá ẹni tó ń ti abẹ́rẹ́ lára mu. Ìtọ̀ á máa gbọ̀n yín. Mínírà á di ohun tí kò ládùn lẹ́nu mọ́, ìyẹn sì ṣe mí láǹfààní, nítorí wọ́n ní bí mo bá lè sọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara mi nù, ó lè ṣe tó oògùn. Mo dín òkèlè kù, mo ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ṣe ń fọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà tó ń yìn mí nígbà tí mò ń ṣàìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé, "Ṣé kò sí o? Ṣé ọkọ ń tọ́jú yín?"

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa nìyí. Nígbà tí a tún ya OCT, nọ́ńbà ti bọ́ sí bíi 150. A tún padà lọ, ó ti ń sún mọ́ 100. Ọkọ mi ti ń dúpẹ́. Dókítà kò tíì dúpẹ́. Ó ní nọ́ńbà tó ń wálẹ̀, ohun méjì ló lè túmọ̀ sí: ó lè jẹ́ pé wíwú ń fà, ó sì lè jẹ́ pé àwọn fọ́nrán ń kú, nítorí iṣan tó ń kú náà ń tín-ín-rín. Lórí ìwé, àwọn méjèèjì máa ń kọjá ní 100. Ó ní òun yóò wo ìpele mìíràn tó wà láàárín ẹ̀yìn ojú, ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ni fọ́nrán wọ̀nyẹn ń gbé, torí wíwú kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ìyẹn rú. Èmi sì gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò fíìdì, èyí tó ń dán wò bí ìran ṣe gbòòrò tó, àti àárín àti etí.

Àyẹ̀wò fíìdì ni mo kórìíra jù nínú gbogbo wọn, òun náà ni mo wá fọkàn tán jù. Wọ́n á dí ojú kan, ẹ ó fi ojú kejì wo inú àwo ńlá kan, ẹ ó tẹjú mọ́ ààmì àárín, bí ẹ bá ti rí ìmọ́lẹ̀ kékeré níbikíbi, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì. Àwọn ìmọ́lẹ̀ kan rẹ̀ débi pé ẹ ó máa rò pé ẹ ń ṣèrò lásán. Ẹ má tẹ ohun tí ẹ kò rí nítorí kí ẹ lè gba máàkì. Ẹ̀rọ mọ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ń tẹ ìtẹ̀kutẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ di bọ́tìnnì mú láì tú u, á dúró dè yín lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ má sì lọ ṣe é pẹ̀lú oorun lójú.

Ojú ọ̀tún mi padà sípò. Ti òsì padà díẹ̀, igun kan nísàlẹ̀ lápá imú dúdú síbẹ̀, kò sì ní là mọ́. Lórí OCT tó kẹ́yìn, ibi tó bá igun yẹn mu ti pupa. Nígbà tí kò sí pupa kankan lórí ìwé mi, mò ń fọ́jú lọ. Nísinsìnyí tí pupa wà níbẹ̀, mò ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ láìpe ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá gbé ìwé kan ṣoṣo wá bá mi pé kí n bá yín kà á, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń béèrè èyí tó ṣáájú rẹ̀, tí mo sì máa ń béèrè fíìdì.

Ẹ tọ́jú àwọn ìwé náà. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa lọ ṣe fọ́tòkọ́pì tirẹ̀ ní dúdú àti funfun, ó fi ojúlówó sílẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ya ojúlówó sórí fóònù lọ́jọ́ tí ẹ gbà á, kí ọjọ́ àti orúkọ ojú, ọ̀tún tàbí òsì, hàn níbẹ̀. Ibi tí ẹ ti ya ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ padà sí bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí nọ́ńbà ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan kì í bá ti òmíràn mu, ẹ lè rò pé ojú yín ti bàjẹ́ tàbí ti sàn nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ lẹ pààrọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kán oògùn sí yín lójú, ẹ mú awò dúdú dání, kí ẹlòmíràn sì wa ọ̀kadà.

Èmi ṣì ń lọ. Dókítà ti dín Diamox mi kù, ó sì ti kìlọ̀ pé bí mo bá ń gbèrò oyún, òun ni kí n kọ́kọ́ sọ fún. OCT tó kàn ku oṣù tó ń bọ̀. Ibi tí mo ti ń ya á pè pé ínkì aláwọ̀ àwọn ti tán, ṣé mo lè gba ti dúdú. Mo ní kí wọ́n ra ínkì.